Bàbá Àgbà Mi, Ẹ̀rù, àti Ọ̀nà Ìjàgbò

Nígbà tí wọ́n gbé òkú bàbá àgbà mi sí iwájú ilé wa ní Ọ̀fà láti kírun sí i lára, lémọ́ọ̀mù sọ pé akíkanjú ọkùnrin ni Alhaji Sálíù, pé kò sí ohun tó ń bà á lẹ́rù láyé. Àwọn ọkùnrin níwájú ṣe àmín, àwa obìnrin tó wà lẹ́yìn náà ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, nítorí a kì í bá lémọ́ọ̀mù jiyàn níwájú òkú. Ṣùgbọ́n láti ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn, nítorí Kàdúná ni àwọn òbí mi ti ń ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ wọ́n. Nínú gbogbo ẹni tí mo mọ̀, kò sí ẹni tí ẹ̀rù ń bà tó bàbá àgbà mi.

Wọ́n ń bẹ̀rù mànàmáná. Tí òjò bá ti ṣú, wọ́n á yọ gbogbo ohun tó bá ń lo iná kúrò lára ògiri, wọ́n á wá jókòó sí àárín pálọ̀, ọwọ́ lórí orúnkún, títí òjò á fi dá. Wọ́n ń bẹ̀rù ajá, kódà ajá tó ń sùn. Wọn kì í gun ọ̀kadà tí ọlọ́kadà ò bá ṣèlérí lẹ́ẹ̀mejì pé òun ò ní sáré. Abẹ́rẹ́ sì rèé, Màmá, ìyàwó wọn, gbọ́dọ̀ bá wọn lọ kí wọ́n tó lè gbà á, bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà tó ti rè Mẹ́kà ni.

Èyí jẹ́ ìtìjú fún mi ní kékeré. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, gbogbo ayé ló mọ̀, bàbá àgbà tèmi wá ń sá fún ajá. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan bóyá ọmọ Ọ̀fà ni wọ́n lóòótọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikùn wọn fi ń gbọ̀n. Nígbà náà ikùn ṣì wà. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi jókòó lẹ́yìn fèrèsé kékeré kan ní ìdíkọ̀ rélùwéè, tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún èrò, gbogbo ọgbọ̀n ọdún náà sì ni Màmá fi ń gbé abọ́ oúnjẹ lọ bá wọn níbẹ̀. Alhaji Ńlá ni àwọn ará àdúgbò ń pè wọ́n, wọn ò fi bú wọn, iyì ni. Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, wọ́n nu ojú wọn, wọ́n ní, "Ẹni tí ẹ̀rù ò bà, kò tíì rí nǹkan ni."

Àwọn fúnra wọn ò tíì rí nǹkan nígbà tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni wọ́n rí i. Bàbá Lásísì, àbúrò wọn, ọmọ ìyá kan náà, máa ń wá sí ilé wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn méjèèjì á sì jọ jẹun nínú àwo kan gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe láti kékeré. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, èmi ni mo gbé omi ìfọwọ́ wá. Iyán ni, ó ga, ẹran ewúrẹ́ sì kún inú ọbẹ̀. Bàbá Lásísì ń sọ̀tàn kan lọ́wọ́, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹnu Bàbá Lásísì ṣe wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òkèlè ọwọ́ wọn já bọ́. Wọ́n fẹ́ mú un, ọwọ́ ò gbọ́. Bàbá àgbà mi kọ́kọ́ rò pé eré ni. Wọ́n ní kó yé é. Bàbá Lásísì ò yé e. Wọ́n rọra fì sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì wó lulẹ̀ bí àpò àgbàdo tí wọn ò gbé kalẹ̀ dáadáa.

Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi dùbúlẹ̀ kí wọ́n tó kú. Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́, wọn ò gbé apá ọ̀tún, ojú wọn nìkan ló ń tẹ̀lé ènìyàn kiri yàrá. Bàbá ń lọ sọ́dọ̀ wọn lójoojúmọ́. Tí wọ́n bá dé, wọ́n á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọn ò ní wọlé fún ìgbà díẹ̀.

Mo gbọ́ ìyókù lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Dókítà tó gba Bàbá Lásísì sílé ìwòsàn ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá àgbà mi náà wò lọ́jọ́ yẹn gan-an, ó sì sọ fún wọn pé tiwọn ga ju ti àbúrò wọn lọ, ṣúgà sì ti fẹ́ yọjú. Ó ní tí wọn ò bá jò, kí sísanra wọn dín kù, kó má yà wọ́n lẹ́nu tí irú rẹ̀ bá ṣe àwọn náà. Wọ́n ń sọ ọ́ fún Màmá, ohùn wọn ń gbọ̀n bí ohùn ọmọdé tí wọ́n ká ohun burúkú mọ́ lọ́wọ́. Màmá ní àwọn dókítà fẹ́ràn kí wọ́n máa dẹ́rù ba ènìyàn. Bàbá ní, "Àwo kan náà la jọ ń jẹ."

Ẹ̀rù yẹn kọ́kọ́ mú wọn sọnù. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rù ló mọ̀nà. Wọ́n ra ẹ̀bu kan lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń pariwo oògùn nínú gáréèjì, ó ní oṣù kan péré, ikùn á wọlé. Wọ́n ń mu ẹ̀bu náà láàárọ̀, wọ́n ń jẹ ìbẹ́pẹ nìkan lọ́sàn-án, wọn kì í sì í jẹ nǹkan kan lálẹ́. Wọ́n jò lóòótọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣòkòtò wọn ń já bọ́. Ṣùgbọ́n inú wọn ò dùn, wọ́n ń jágbe mọ́ gbogbo wa, tí wọ́n bá dìde láti orí àdúrà, wọ́n á di ògiri mú. Mo ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, mo sì bá wọn nínú ilé ìdáná, lórí ìdúró, wọ́n ń fi ọwọ́ bu ẹ̀bà àná jẹ láti inú ìkòkò, kò sí ọbẹ̀, kò sí nǹkan kan. Omi wà lójú wọn. Mi ò tíì rí àgbàlagbà tí ebi ń pa bẹ́ẹ̀ rí, nínú ilé tí oúnjẹ kún. Mo sá padà síta.

Kí oṣù méjì tó pé, ikùn náà ti padà, ó sì mú òmíràn wá. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà tún gòkè. Nọ́ọ̀sì kan tó ti dàgbà, tó máa ń wọn ìfúnpá àwọn arúgbó, ló jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo bá wọn lọ nítorí pé Màmá ní àwọn ò lọ mọ́. Nọ́ọ̀sì náà ò bínú, kò sì pariwo. Ó ní kí wọ́n ka gbogbo ohun tí wọ́n ṣe fún òun, wọ́n kà á. Ó wá bi wọ́n bóyá wọ́n lè máa jẹ ìbẹ́pẹ nìkan lọ́sàn-án títí wọ́n á fi kú. Bàbá ní rárá o. Ó ní, "Bàbá, ohun tí ẹ ò bá lè máa ṣe títí dọjọ́ ikú, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n gbé wálé. Mo rò pé ó bá ojora wọn mu, nítorí ojo kì í fẹ́ gbé ẹsẹ̀ ńlá. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́kọ́ yí padà, mínírà. Tẹ́lẹ̀, ìgò méjì lóòjọ́ ni. Wọ́n fi omi rọ́pò rẹ̀, wọn ò sì fọwọ́ kan nǹkan mìíràn fún odindi oṣù kan. Nígbà tí ìyẹn mọ́ wọn lára, wọ́n fi ẹsẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí dípò kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Oṣù kan tún kọjá. Wọ́n ní kí oúnjẹ alẹ́ di oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n jẹ ẹ́ ṣáájú ìrun Mọ̀ńgàríbì. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan iyán. Wọn ò fi iyán sílẹ̀, ẹni tó bá ní kí ọmọ Ọ̀fà fi iṣu sílẹ̀ ń tan ara rẹ̀ ni. Ìkúùkù wọn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ẹ̀fọ́ sì gba gbogbo àyè tó ṣẹ́ kù nínú àwo. Lẹ́yìn ìyẹn ni oorun: wọ́n ń tètè sùn, wọn ò wo tẹlifíṣọ̀n di òru mọ́. Ìrìn ọ̀nà Ìjàgbò, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ló kẹ́yìn. Láti ilé wa dé òpin ilé, lẹ́yìn náà dé ibi tí oko ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà síwájú díẹ̀ sí i, láràárọ̀ lẹ́yìn Sùbúhì, ọ̀pá lọ́wọ́ nítorí ajá.

Ara wọn ò jò lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lé ní ọdún méjì kí ojú tó rí i dáadáa, dókítà sì dín oògùn wọn kù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Mọ́shúúdù, tó máa ń wá láti Ìlọrin, máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìjàpá yára jù wọ́n lọ. Wọ́n dá a lóhùn lọ́jọ́ kan, wọ́n ń gé ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, wọn ò gbójú sókè: "Ilé ni mò ń kó, Mọ́shúúdù. A kì í fi ọjọ́ kan kó ẹrù ọgọ́ta ọdún."

Ìjà tó tinú rẹ̀ jáde nínú ilé wa, mi ò mọ̀ bí mo ṣe máa sọ ọ́ tí màmá àgbà mi ò fi ní bínú, nítorí wọ́n ṣì wà láyé, wọ́n sì máa ní kí wọ́n ka ìwé yìí fún àwọn. Oúnjẹ ni èdè tí Màmá ń sọ. Bí wọ́n bá fẹ́ràn rẹ, wọ́n á bù ú fún ọ kún. Nígbà tí Bàbá kọ́kọ́ ní kí wọ́n dín iyán kù, Màmá dín in kù bí ìka kan. Bàbá tún ní kí wọ́n dín in kù. Màmá gbé àwo náà padà, wọn ò sì bá Bàbá sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mò ń jíṣẹ́ láàárín wọn, "Màmá ní omi ti gbóná," "Bàbá ní àwọn ti gbọ́."

Ní ọjọ́ kẹrin, Bàbá wọ ilé ìdáná. Wọn ò wọ ibẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbéyàwó, àyàfi lọ́sàn-án tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n mú ọ̀bẹ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé gbúre, wọ́n gé e ní ìgékúgèé. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wọ́n. Wọ́n bi Bàbá bóyá oúnjẹ àwọn ti di májèlé ni. Bàbá ní rárá. Màmá ní bí ọkọ bá gbẹ, ìyàwó ni aráyé ń wò, pé ní ìpàdé àdúrà Asálátù ìjẹta, àwọn ẹgbẹ́ àwọn ti ń bi àwọn ohun tí àwọn ń fi Alhaji ṣe nílé. Bàbá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo rò pé wọ́n fẹ́ pariwo, mo ti múra láti sá. Wọ́n kàn sọ pé, "Alhaja, mi ò fẹ́ kí o máa fi ṣíbí bọ́ mi bí ìyàwó Lásísì ṣe bọ́ ọ. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Kì í ṣe ọbẹ̀ rẹ."

Màmá gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní gbúre kì í ṣe igi tí wọ́n ń la.

Ìta ò rọrùn tó ilé. Nígbà tí ọrùn Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú ẹ̀wù, ìròyìn gba àdúgbò. Àwọn kan ní àwọn ọmọ wọn ò tọ́jú wọn. Àwọn kan ní àìsàn kan tí a kì í dárúkọ ni. Ọ̀rẹ́ wọn kan dá wọn dúró ní mọ́ṣáláṣí, ó fà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí wọ́n sọ òótọ́ fún òun kí òun lè bá wọn wá ọ̀nà. Bàbá sọ òótọ́ fún un pé ẹsẹ̀ ni àwọn ń rìn, ẹ̀fọ́ ni àwọn ń jẹ. Ọ̀rẹ́ náà mi orí pẹ̀lú àánú, kò gbà á gbọ́. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún wa nílé, èmi ni mo bínú. Bàbá ò bínú. Wọ́n ní, "Ojú ayé ni mò ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù tó ju ẹ̀rù lọ ló gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó yẹ kí n ti kọ́gbọ́n nínú gbogbo èyí. Mi ò kọ́ ọ. Èmi náà sanra, mo jọ Bàbá ní gbogbo ọ̀nà, títí kan ìbẹ̀rù. Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ ní Póólì, tí ìgbéyàwó mi pẹ̀lú Kàmọ́rù ku oṣù kan, mo wo ara mi nínú dígí télọ̀, ẹ̀rù àwọn fọ́tò tí wọ́n máa yà bà mí. Ọ̀rẹ́ mi kan fún mi ní tíì kan tó ń fọ inú. Mo ń mu ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Ohun tí mò ń jẹ kò ju kùkúńbà àti omi lọ. Mo ń bu oúnjẹ sínú àwo, mo ń gbé e wọ yàrá, mo ń dà á sínú ọ̀rá, bí ẹni ń jalè. Bàbá fura. Wọ́n wá jókòó tì mí lọ́jọ́ kan, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn fún mi. Mo ní mo ti gbọ́, Bàbá. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà lórí. Mo rò pé ti àgbàlagbà ni, pé èmi ò ní àyè ọdún méjì.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún tí mo ti ń mu tíì náà, láàárọ̀, mo ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé. Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù ní ìlùkulù, á lù, á dúró, á tún lù bí ẹni kan ń gbá ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ pe Màmá. Ohùn ò jáde. Mo rí i pé ìka mi ti ká, wọn ò ṣí, mo sì rántí ọwọ́ Bàbá Lásísì. Mi ò bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, mi ò sì tíì tún bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ náà. Mo ronú pé báyìí ni ó ṣe ń rí, pé ojú mi nìkan ló máa kù. Lẹ́yìn náà mo ṣubú.

Ohun tó tẹ̀lé e, Màmá àti àwọn aládùúgbò ló sọ ọ́ fún mi. Bàbá ti ọ̀nà Ìjàgbò dé, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bàtà. Wọ́n rí mi nílẹ̀. Wọn ò pariwo, wọn ò pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n yí padà, wọ́n sáré. Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́rin, láìwọ bàtà, pẹ̀lú ṣòkòtò àti síńgílẹ́ẹ̀tì, wọ́n sáré láti ilé wa dé ojú títì. Àwọn tó rí wọn ní àwọn rò pé olè ni wọ́n ń lé. Ajá mẹ́ta ló wà ní igun ọ̀nà náà, wọ́n gba àárín wọn kọjá. Nígbà tí àwọn kẹ̀kẹ́ ò dúró, wọ́n bọ́ sí àárín títì, wọ́n na apá méjèèjì, wọ́n sì dúró síwájú kẹ̀kẹ́ kan tó ń bọ̀. Èrò inú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n mú un wá sílé, àwọn àti oníkẹ̀kẹ́ náà sì jọ gbé mi sínú rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn wọ́n ní iyọ̀ ara mi ti tán, àti àwọn èròjà mìíràn tó ń mú ọkàn ṣiṣẹ́. Dókítà ní ká ní ó pẹ́ sí i díẹ̀ ni, mi ò bá ti kú. Ọ̀sán ni mo tó lajú dáadáa. Omi ń kán sínú iṣan mi, Bàbá jókòó sórí àga pákó, wọ́n ti fi báńdéèjì di àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, ẹ̀jẹ̀ ti wọ inú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo ń bẹ̀bẹ̀. Wọn ò bá mi wí. Màmá ló ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ̀rù kì í ba ọkọ àwọn rárá, pé wọ́n dúró níwájú ọkọ̀. Bàbá mirí sí i, wọ́n kọjú sí mi. Wọ́n ní, "Ẹ̀rù ló sáré, Rafíátù. Èmi kàn tẹ̀lé e ni."

Mo sanra lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Télọ̀ tú aṣọ náà, ó fi aṣọ kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kàmọ́rù sọ pé òun ò rí ìyàtọ̀, mo sì pinnu láti gbà á gbọ́. Àdúgbò tí kò jìnnà sí tiwọn ni a ń gbé, nítorí náà nígbà tí ó di oṣù kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá Bàbá rin ọ̀nà Ìjàgbò. Wọn kì í sáré, wọn kì í sì í jẹ́ kí n sáré. Wọ́n ní tí mi ò bá lè máa sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń rìn, mo ti ń yára jù. A ń sọ̀rọ̀ oko àwọn ènìyàn, ọ̀dùnkún tó ti ta, ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́. Ohun kan ni wọ́n ní kí n kọ́kọ́ yí padà. Búrẹ́dì òwúrọ̀ ni mo mú, mo fi ẹ̀wà sí ipò rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan mo mú òmíràn.

Mo bímọ lẹ́yìn ọdún kejì, gbogbo rẹ̀ sì dàrú. Ìyá ọkọ mi wá tọ́jú mi, wọ́n fi oúnjẹ tọ́jú mi dáadáa. Mi ò rìn fún oṣù mẹ́wàá. Gbogbo ohun tí mo ti jò padà. Ojú ń tì mí láti lọ kí Bàbá, mo ń sọ pé ọmọ ò jẹ́ kí n ráyè. Àwọn fúnra wọn ló wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Mo ní mo ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, mo máa tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá dàgbà díẹ̀. Wọ́n sọ fún mi pé ní gbogbo Iléyá, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni àwọn fi ń jẹ ẹran bí ẹni tí wọn ò tíì fún ní ẹran rí, tí ọ̀sẹ̀ náà bá sì ti parí, àwọn á mú ọ̀pá. Mo ní tèmi ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá ṣubú lójú ọ̀nà Ìjàgbò kì í padà sí Ọ̀fà kó tó dìde."

Mo dìde níbẹ̀. Mi ò tín-ín-rín títí di òní, mi ò sì rò pé màá tín-ín-rín láéláé. Ṣùgbọ́n mo ti jò, ó ti dúró bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ ríru tó yọjú nígbà oyún ò sì padà wá.

Òtútù àyà ló pa bàbá àgbà mi, nínú ọyẹ́ tó kọjá yìí. Kì í ṣe rọpárọsẹ̀, kì í ṣe ṣúgà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn jẹun títí di ọjọ́ keje, wọ́n sì sọ̀rọ̀ títí dé òpin. Mo bi wọ́n, èmi òmùgọ̀, bóyá ẹ̀rù ń bà wọ́n. Wọ́n ní ó ń bà wọ́n gan-an. Wọ́n ní kí n di ọwọ́ àwọn mú, mo dì í mú, ọwọ́ méjèèjì ń dá mi lóhùn nígbà tí mo bá fún wọn. Wọ́n ní, "Ó ti pẹ́ tó ti ń bá mi rìn. Kò ṣe mí níbi." Mo bẹ Ọlọ́hun kó tẹ́ wọn sí ibi tí kò sí ajá, tí mànàmáná kì í dé.

Níbi fìdáù ọjọ́ kẹjọ, ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ dáadáa ń bi ẹnì kejì rẹ̀ pé gbogbo ìrìn yẹn, kí ló wá já sí? Ṣebí ikú náà ló pa á? Ìbéèrè náà dẹ́rù bà mí ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí àlejò tán, mo lọ bá Màmá ní yàrá, mo sọ ohun tí mo gbọ́. Ẹsẹ̀ wọn ti wú, wọ́n gbé e lé àpótí. Wọ́n ní ọdún mẹ́rìndínlógún ni, láti ìgbà Lásísì, àwọn ò sì fi ṣíbí bọ́ Alhaji rí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí. Ikọ́ ife ló pa bàbá tiwọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ṣòkòtò ló kọ́kọ́ tú. Ọrùn yọ, lẹ́yìn náà egungun èjìká, lẹ́yìn náà ikú. Nítorí náà, nígbà tí aṣọ Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í tú, Màmá rò pé àwọn ń wo ohun kan náà lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ń bù ún kún nítorí pé wọ́n ń bẹ̀rù. Láràárọ̀ tí a bá lọ sí ọ̀nà Ìjàgbò, wọn kì í jókòó. Ẹ̀gbẹ́ géètì ni wọ́n máa ń dúró sí, títí wọ́n á fi gbọ́ ohùn Bàbá, wọ́n á wá sáré padà sí ilé ìdáná.

Mo bi wọ́n ìdí tí wọn ò fi sọ ọ́ fún Bàbá ní gbogbo ọdún yẹn.

"Alhaji ní ẹ̀rù tiwọn," ni wọ́n wí. "Mi ò fẹ́ fi tèmi kún un."

Mo ronú sí i mọ́jú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo padà lọ, mo kúnlẹ̀ síwájú wọn, mo sọ tèmi: pé mo ń wo ẹsẹ̀ wọn tó wú, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí tí wọ́n bá ti àga dìde, mo sì ń bẹ̀rù pé àwọn ló kàn. Màmá wò mí títí. Wọ́n bi mí bóyá ọ̀nà náà jìn. Mo ní kò jìn, pé ibi tó bá ti rẹ̀ wọ́n la máa ti padà. Wọ́n wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì ní kí n bá àwọn wá bàtà tí kò ní fún àwọn lẹ́sẹ̀.